Bí A Ṣe Ń Lọ Wo Òdòdó Ṣẹ́rì ní Washington Láìpàdánù Ọjọ́ Rẹ̀

Òdòdó ṣẹ́rì tó yí omi Tidal Basin ká ní Washington kì í dúró de àlejò. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ, oṣù Kejì ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tó bá ìsinmi mi mu ni mo mú, mi ò wo ojú igi rárá. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, ewé tútù ló kù lórí ẹ̀ka, òdòdó ti rẹ̀ sójú omi, ó funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun síbẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ kí ẹ tó náwó sí ohunkóhun.

National Park Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló máa ń kéde ìgbà tí òdòdó yóò tàn jù lọ. Ọjọ́ tí ìdá 70 nínú 100 òdòdó àwọn igi Yoshino, irú igi ṣẹ́rì tó pọ̀ jù níbẹ̀, bá là ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ló sábà máa ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n bí ooru bá tètè dé, òun náà á tètè dé; bí òtútù bá pẹ́, á dúró. Lọ́dún 1990, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ló ti tàn. Lọ́dún 1958, ó di ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin. Ẹ ò rí i pé ó lé ní oṣù kan láàárín méjèèjì!

Nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ ìrudi rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á rudi ní àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà, orí òdòdó á yọjú, á nà jáde, ọrùn rẹ̀ á gùn, á wá wú, á sì funfun. Ìpele tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń pè ní "puffy white" nínú ìkéde wọn. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ di ẹrù yín, torí ó sábà máa ń ku ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó tàn jù lọ. Síbẹ̀, yìnyín lè bà á jẹ́ níbẹ̀ náà: lọ́dún 2017, òtútù òru pa bí ìdajì òdòdó Yoshino tó ti wú tán.

Ẹni tó bá ń gbé Maryland tàbí Virginia lè fara balẹ̀ dúró de ìkéde. Ẹni tó ń bọ̀ láti Houston tàbí Lọ́ńdọ̀nù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni kó fi mú ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù Kẹta bọ́ sí oṣù Kẹrin, kó lo ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rin, kó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè bá a yí ọjọ́ rẹ̀ padà. Òtẹ́ẹ̀lì máa ń wọ́n gan-an lásìkò yìí. Ẹ wá èyí tó wà nítòsí ibùdókọ̀ Metro, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin ìlú náà, kódà kó jìnnà sí àárín ìlú. Bí ẹ bá sì ní ẹbí ní Maryland, tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, ẹ tètè pè wọ́n.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ má wa ọkọ̀ lọ. Ibi ìgúnkọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ wọ Metro dé ibùdókọ̀ Smithsonian, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà Independence Avenue jáde, kí ẹ wá rìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ilẹ̀ mọ́ bá yín létí omi. Òwúrọ̀ yẹn ò láfiwé: omi á dákẹ́ rọ́rọ́, òdòdó á funfun bí òwú tí ẹnì kan fi osùn díẹ̀ kàn, ilé ìrántí Jefferson á sì hàn nínú omi bíi nínú dígí. Tó bá fi máa di agogo mẹ́wàá, èrò ti kún ọ̀nà. Ẹ wọ sùẹ́tà àti bàtà tó rọrùn, nítorí àtiyí omi náà ká tó bíi kìlómítà mẹ́ta. Ẹ wádìí bóyá ọ̀nà kan wà ní títì, torí lọ́dún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ògiri etí omi, wọ́n sì gé igi ṣẹ́rì tó lé ní 100 nítorí rẹ̀.

Ní ìhà àríwá omi náà, ẹ dúró síbi igi méjì àkọ́kọ́. Lọ́dún 1910, igi 2,000 tí ìlú Tokyo fi ránṣẹ́ dé Washington, ṣùgbọ́n kòkòrò ti wọ inú wọn, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Àwọn ará Tokyo ò bínú. Wọ́n tún fi 3,020 ránṣẹ́ lọ́dún 1912. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún yẹn ni Helen Taft, ìyàwó ààrẹ, àti ìyàwó aṣojú Japan gbin méjì yìí. Orí mi máa ń wú tí mo bá dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gun igi tàbí já òdòdó nítorí fọ́tò. Òfin kọ̀ ọ́, igi náà sì máa ń fara gbọgbẹ́.

Bí Yoshino bá ti rẹ̀ kí ẹ tó dé, ẹ gba East Potomac Park lọ. Àwọn igi Kwanzan ibẹ̀, tí òdòdó wọn ki tó sì pupa jù, máa ń tàn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ẹ bá ń padà sí ibùdókọ̀, ẹ yà ní National Museum of African Art, lórí Independence Avenue kan náà. Ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ ọnà Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìsẹ̀-Èkìtì, wà lára ohun tí wọ́n ní níbẹ̀. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà bóyá wọ́n gbé e síta lọ́jọ́ náà.