Oṣù mẹ́sàn-án lórí bọ́ǹpù méjì: ìrírí mi ní káńsù

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé o, torí àwọn ọ̀dọ́ méjì kan tí wọ́n fẹ́ dupò káńsẹ́lọ̀ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni mo tiẹ̀ máa ń ṣe níbẹ̀ gan-an, mo kàn ń kólòlò ni.

Èmi ni mo kéré jù nínú káńsù wa. Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, bàbá kan rò pé ọmọ tó ń to àga ni mí, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé méjì wá síwájú, mo gbé e fún wọn, mo wá lọ jókòó sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Ojú ti bàbá yẹn, àmọ́ àwọn náà ni wọ́n padà wá gbà mí là, a máa débẹ̀.

Nígbà tí mò ń tọrọ ìbò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu àwọn ará wọ́ọ̀dù mi: títì iwájú súkúù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Títì yẹn tẹ́jú, ó gùn, kò sí nǹkan kan tó ń dá mọ́tò dúró, àwọn ọmọdé sì ń sáré sọdá láàárọ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n lé lóko. Mo ṣèlérí bọ́ǹpù, òkìtì tí wọ́n ń mọ sórí títì kí mọ́tò lè dín eré kù. Èrò ọkàn mi ni pé tí mo bá ti wọlé, màá pe ẹnì kan lórí fóònù, ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n á ti dé. Ta ni mo fẹ́ pè? Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ò sí lábẹ́ mi, mi ò lè pàṣẹ fún ẹnjiníà pé kó gbé ṣọ́bìrì, mi ò mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra lọ́wọ́. Ìbò kan péré ni mo ní láàárín ìbò àwọn yòókù.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ẹnu ṣiṣẹ́. Mo bá rí ọ̀gá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá kí wọn, màá dárúkọ títì, wọ́n á ní "a máa wò ó, àbúrò", èmi náà á wá lọ sọ fáwọn ará wọ́ọ̀dù lórí WhatsApp pé wọ́n ti ń wò ó. Màmá akọ̀wé káńsù ló là mí lójú. Wọ́n ní, "Káńsẹ́lọ̀ mi, ohun tí ẹ ò bá kọ síwèé níbí, ẹ ò sọ ọ́. Ẹ tiẹ̀ mọ ẹni tó ni títì yẹn?" Ẹnu mi wọhò. Mi ò mọ̀ pé títì máa ń ní olówó orí. Àwọn kan wà lọ́wọ́ káńsù, àwọn kan wà lọ́wọ́ ìjọba tó ga jù ú lọ, káńsù ò sì lè fọwọ́ kan èyí tí kì í ṣe tiẹ̀. A lọ wo máàpù: ẹ̀gbẹ́ oríta kì í ṣe tiwa, ti iwájú súkúù ló jẹ́ tiwa. Ọlọ́run ló ṣe é. Ká ní òdì kejì ni, lẹ́tà bẹ̀bẹ̀ nìkan ni ǹ bá máa kọ títí sáà mi á fi parí.

Ibi tí mo ti gbádùn iṣẹ́ náà jù nìyí. Ẹnjiníà ní "eré ń pọ̀" kì í ṣe ẹ̀rí. Èmi àti tíṣà méjì bá wọn mítà 100 lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a fi ẹfun sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, a wá ń fi fóònù ká ìṣẹ́jú àáyá. Ìṣirò ẹ̀ ò le rárá: mọ́tò tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 12 rìn ín, kìlómítà 30 ní wákàtí kan ló ń sá, èyí tó bá lo 7.2, ó ti di 50, èyí tó bá lo 6 péré, 60 ni. Ẹ dúró sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ má wọ aṣọ tó ń tàn o, torí tí awakọ̀ bá ti rí yín pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ wọ́n á rò pé ọlọ́pàá ni yín, gbogbo wọn á wá máa rìn bí ìgbín, bí ọjọ́ àkọ́kọ́ tiwa ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta la fi kà á, àkókò tí àwọn ọmọ ń wọlé àti ìgbà tí wọ́n ń jáde, a kọ ti mọ́tò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Mo fi kún un pé mọ́tò tó ń sá 50 ń jẹ nǹkan bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti 30 ò ju bíi 8 lọ, àti pé tí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí mọ́tò máa gbá lọ lẹ́yìn tí búréèkì ti mú á di ìlọ́po mẹ́rin. Mo tún kà nípa ìlú Graz ní Austria, tó ti fi 30 sí gbogbo àdúgbò ibùgbé láti 1992, mo sì rí ìpàdé Stockholm ti 2020, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ní kí 30 jẹ́ òpin eré níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti mọ́tò bá ti jọ ń lo títì kan náà. Mo kó o sínú ìwé ojú kan. Ojú kan o, torí kò sẹ́ni tó ń ka ojú kejì.

Ẹnjiníà wá wo ibẹ̀, wọ́n sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bọ́ǹpù ṣóńṣó tó kúrú tí à ń rí kiri yẹn, mọ́tò ló ń bà jẹ́. Èyí tí wọ́n fi ìwádìí ṣe ní Britain láàárín ọdún 1970 sí 1980 gùn tó mítà 3.7, gíga rẹ̀ ò sì ju sẹ̀ńtímítà 10 lọ, ẹni tó rọra sá kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ó tún gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ létí gọ́tà, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ omi òjò á dúró síbẹ̀, títì á sì jẹrà. Ẹ̀rù àwọn áńbúláǹsì ló kù, bọ́ǹpù tó pọ̀ ń dá wọn dúró.

Ó wá kan àbá, ìwé tí káńsẹ́lọ̀ ń kọ kí káńsù lè dìbò lé e. Ibí ni mo ti ṣe òmùgọ̀. Mo kọ ọ́ pé "kí káńsù gbé ọ̀rọ̀ títì súkúù yẹ̀ wò". Gbogbo ilé dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni! Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́, wọ́n ń kí mi kú oríire. Lẹ́yìn oṣù méjì, ilẹ̀ ò tíì hu nǹkan kan. Mo lọ bá Màmá akọ̀wé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí: "Ẹ ní ká yẹ̀ ẹ́ wò. A ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ wo èyí tí mo kọ lẹ́ẹ̀kejì: ẹ̀ka iṣẹ́ òde ni kó ṣe é, bọ́ǹpù mẹ́rin àti ibi ìsọdá, láti inú owó àtúnṣe títì ọdún yìí, kí wọ́n parí kí súkúù tó wọlé, kí wọ́n sì wá jábọ̀ ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e. Mo fi í ránṣẹ́ kí àjẹ́ńdà, ìwé tí wọ́n ń to ọ̀rọ̀ ìpàdé sí, tó tì. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, mo dìde, mo ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní títì yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo fi pa mọ́. Ẹ má fi èyí ṣeré, ẹni tí kò bá fẹ́ tiyín á fi bà yín jẹ́.

Ẹnì kan ní kí mẹ́rin di méjì nítorí áńbúláǹsì. Inú mi ń ru, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà, bàbá àga ọjọ́sí fà mí láṣọ lábẹ́ tábìlì. "Ṣé mẹ́rin lo ti rí rí ni? Gba méjì." Wọ́n ti àbá náà lẹ́yìn fúnra wọn. Ó wọlé.

Láàárín gbogbo èyí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi gidi ń wo aago, èèyàn ń pè mí láago mọ́kànlá alẹ́ pé iná títì àwọn kú, ẹnì kan sì fẹ́ kí n bá òun lé ajá aládùúgbò òun. Mo ṣí ìwé kan, gbogbo ìpè ni mò ń kọ síbẹ̀: ọjọ́, ọ̀rọ̀, ẹni tí mo gbé e fún. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ṣì máa sùn.

Wọ́n ti ṣe bọ́ǹpù méjèèjì, àti ibi ìsọdá. Àná ni mo gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀dà funfun ibi ìsọdá ti ń ṣí, àmọ́ kò sí ibì kankan nínú àbá mi tí mo ti ní kí wọ́n máa tún un kùn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àjẹ́ńdà máa tì, mo ti ń kọ òmíràn, mo sì ti kọ "lọ́dọọdún" sí i lẹ́ẹ̀mejì.