Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Dá Blu-ray Mọ̀ Yàtọ̀ sí HD DVD Kẹ́ ẹ Tó Ra Díìsìkì Tókúnbọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra ẹ̀rọ fíìmù tókúnbọ̀, àtẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n yín ń di ẹrù ránṣẹ́ sí yín láti Amẹ́ríkà tàbí London, ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Díìsìkì méjì kan wà tí wọ́n fẹ̀ bákan náà, ihò àárín wọn bára mu, àwòrán àwọn méjèèjì sì mọ́ ju ti DVD lọ fíìfíì, ẹni tí ò bá mọ̀ á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan ń jẹ́ Blu-ray, ìkejì ń jẹ́ HD DVD. HD DVD ti kú láti 2008, Toshiba tó bí i ló fọwọ́ ara ẹ̀ sin ín, kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀rọ ẹ̀ tuntun mọ́, bẹ́ ẹ bá sì ki díìsìkì ẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ Blu-ray, ẹ̀rọ yẹn á kàn tú u síta ni tàbí kó kọ òyìnbó kan sójú tẹlifíṣàn pé òun ò mọ ohun tẹ́ ẹ fi sínú òun.

Àwọ̀ ike ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò

Ike búlúù ni ti Blu-ray, ike pupa ni ti HD DVD. Tó bá jẹ́ ike dúdú tó kúrú ju ti DVD lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ultra HD Blu-ray, ìyẹn èyí tó jáde ní 2016 fún tẹlifíṣàn 4K, ẹ̀rọ Blu-ray lásán ò sì lè ka ìyẹn náà, torí náà ẹ má ra dúdú tó bá jẹ́ ẹ̀rọ búlúù lẹ ní nílé. Orúkọ fọ́máàtì máa ń wà lókè pátápátá níwájú ike.

Àmọ́ ẹ má gbára lé ike nìkan o. Àwọn tó ń ta tókúnbọ̀, bí ike kan bá fọ́, èyí tó bá wà nítòsí ni wọ́n máa fi díìsìkì sí. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i, kẹ́ ẹ wo ojú díìsìkì gan-an níbi tí wọ́n tẹ orúkọ fíìmù sí, àmì fọ́máàtì máa wà níbẹ̀ lápá kan, ó lè kéré ṣùgbọ́n ó máa wà. Ẹ tún ṣọ́ra fún DVD lásán tí wọ́n kọ high definition sẹ́yìn ẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé láti ara àwòrán HD ni wọ́n ti ṣe é, DVD ṣì ni, kò lè ṣe ju bí DVD ṣe ń ṣe lọ.

Bẹ́ ẹ bá sì rí díìsìkì HD DVD tó wà nínú ike pupa tí kò ní bébà iwájú, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ ayédèrú. Ní 2009, Warner, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ní kí àwọn oníbàárà wọn ní Amẹ́ríkà mú HD DVD wọn wá pààrọ̀ sí Blu-ray, 4.95 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láìka owó ìfiránṣẹ́, bébà iwájú yẹn ni wọ́n sì gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, díìsìkì fúnra ẹ̀ kù sọ́wọ́ èèyàn.

Kí ló dé tí ọ̀kan ò fi lè ka ìkejì?

Iná lésà kan náà làwọn méjèèjì ń lò, búlúù tó fẹ́ẹ́ pọ́n bí àlùkò, tí gígùn ìgbì ẹ̀ jẹ́ 405 nanometer, nígbà tí ti DVD jẹ́ pupa, 650. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ojú iná ṣe máa tín-ín-rín tó lórí díìsìkì, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè kó nǹkan púpọ̀ sójú kan. DVD ń gba 4.7GB ní ìpele kan, HD DVD ń gba 15GB, Blu-ray ń gba 25GB, tó bá jẹ́ oní-ìpele méjì HD DVD á di 30, Blu-ray á di 50.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ibi tí fíìmù fúnra ẹ̀ wà nínú díìsìkì. Ti HD DVD wà láàárín gbùngbùn, 0.6 mílímítà sí ojú ẹ̀, bíi ti DVD gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí Toshiba àti NEC tí wọ́n jọ ṣe é fi ń sọ pé ilé iṣẹ́ tó ń tẹ DVD ò ní láti kó gbogbo maṣíìnì wọn dànù. Ti Blu-ray wà ní 0.1 mílímítà péré sí ojú ẹ̀, ó sún mọ́ ìta débi pé nígbà tí Sony, tó wà lára àwọn tó bí Blu-ray, kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń gba fíìmù sílẹ̀ jáde ní Japan ní 2003, inú ike kan báyìí ni díìsìkì ẹ̀ máa ń wà kí èékánná àti eruku má bàa kàn án, àfìgbà tí ilé iṣẹ́ TDK wá ṣe oje líle kan tí wọ́n fi ń bo ojú ẹ̀ ni wọ́n tó lè bọ́ ike yẹn kúrò.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi èyí ṣe rèé: ẹ gbé Blu-ray tókúnbọ̀ sábẹ́ iná, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ò ní ṣe é ní nǹkan kan, oje yẹn lágbára. Àmọ́ bó bá jẹ́ ojú ọgbẹ́ tí èékánná yín ń há sí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òun máa fi maṣíìnì họ ojú ẹ̀ kó lè dán bí wọ́n ṣe ń ṣe fún DVD, 0.1 mílímítà kì í ṣe nǹkan téèyàn ń họ.

Ta ló pa HD DVD?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ lẹ wá rà, ẹ ò wá gbọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá mọ ìdí tó fi kú, ẹ ó mọ irú ẹrù tẹ́ ẹ máa rí lọ́jà. Kì í ṣe àwòrán ló pa á o. Àwòrán wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àwọn méjèèjì ló ń gbé 1080p, ìyẹn àwòrán HD tó mọ́ jù nígbà yẹn, kódà HD DVD ló kọ́kọ́ pé jù, gbogbo ẹ̀rọ ẹ̀ ló ní ojú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹ̀rọ Blu-ray àkọ́kọ́ ò ní, tí ẹ̀rọ ẹ̀ ò sì tún wọ́n, Toshiba ta ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní 499 dọ́là ní April 2006, nígbà tí Samsung gbé Blu-ray tiẹ̀ dé ní June ọdún yẹn, 999 dọ́là ni. Lójú ẹni tó bá ń fi owó wò ó, HD DVD ló yẹ kó borí.

Nǹkan méjì ló yí i padà. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ géèmù PlayStation 3 (PS3) tó jáde ní November 2006, Sony ki Blu-ray sínú gbogbo ẹ̀ pátá, ẹni tó wá ra géèmù fún ọmọ ẹ̀ ti ra ẹ̀rọ Blu-ray láìmọ̀, Microsoft ní tiẹ̀ kò fi HD DVD sínú Xbox 360, ó lọ ń tà á lọ́tọ̀ ní 199 dọ́là, ta ló fẹ́ ra ìyẹn! Ìkejì ni àwọn tó ni fíìmù. Sony fúnra ẹ̀, Disney, Fox, Lionsgate, ti Blu-ray ni wọ́n ń ṣe. Universal, ti HD DVD nìkan. Paramount ń ṣe méjèèjì títí di August 2007 tó fi kó sẹ́yìn HD DVD, Warner náà sì ń ṣe méjèèjì. Ní November ọdún yẹn, Walmart ta ẹ̀rọ HD-A2 ti Toshiba ní 98.87 dọ́là, èèyàn rọ́ lọ rà á, tẹ́ ẹ bá rí Toshiba HD-A2 nínú ẹrù tó wá láti Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn yẹn. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀, ní January 4, 2008, Warner ní Blu-ray nìkan lòun máa ṣe báyìí. Àwọn alátìlẹyìn HD DVD tó ti pe àwọn oníròyìn jọ fún ìpàtẹ ẹ̀rọ CES ní Las Vegas kàn fagi lé ìpàdé wọn ni. Nígbà tó di February, Netflix (tó ń fi díìsìkì yá àwọn èèyàn nígbà yẹn), àtàwọn ilé ìtajà Best Buy àti Walmart yà sọ́dọ̀ Blu-ray tẹ̀lé ara wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 19 oṣù yẹn, Toshiba ní ó ti tó. Àánú àwọn tó ra HD-A2 yẹn ṣe mí o, torí wọn ò ṣe nǹkan kan tí kò bọ́gbọ́n mu, wọ́n rí ọjà tó dára ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n rà á.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ńkọ́?

Ẹ mú díìsìkì Blu-ray tiyín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ lọ. Ẹni tó ń tà á máa fi DVD kan dán an wò lójú yín, á ṣiṣẹ́ gbẹdẹmukẹ, ẹ ó sì sanwó, ẹ ó délé, ẹ ó fi Blu-ray sí i, kò ní ka nǹkan kan. Ohun tó fà á ni pé iná pupa ló ń ka DVD, iná búlúù ló ń ka Blu-ray, iná méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, búlúù lè ti jó kí pupa ṣì wà láàyè. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ń fi parọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ni. Tó bá jẹ́ PS3 lẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n fi díìsìkì géèmù PS3 sí i, Blu-ray ni díìsìkì yẹn, tó bá ka géèmù yẹn dáadáa iná búlúù ẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí ẹ̀rọ sẹ́yìn kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa iná. Tó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ, ti Amẹ́ríkà ni, bẹ́ ẹ bá ti kì í bọ iná NEPA báyìí ó parí nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tó ń dín iná kù sí i. Tó bá jẹ́ 100–240V, kò sí wàhálà. Èyí tó wá láti Ìlú Ọba máa ń bá iná wa mu.

Ọ̀rọ̀ region náà ńkọ́, ó ń dààmú èèyàn gan-an. Blu-ray pín ayé sí A, B àti C. Amẹ́ríkà, Brazil àti Japan wà ní A, Nàìjíríà àti gbogbo Áfíríkà pẹ̀lú Ìlú Ọba wà ní B, Íńdíà àti Ṣáínà wà ní C. Nítorí náà fíìmù tí wọ́n rà ní London á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà, ṣùgbọ́n fíìmù tí ẹ̀gbọ́n yín rà ní Houston lè má ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Mo ní ó lè má ṣiṣẹ́ torí ọ̀pọ̀ fíìmù ni wọn ò ti ibodè mọ́, ẹ wo ẹ̀yìn ike, bẹ́ ẹ bá rí A, B, C lẹ́ẹ̀kan náà, ibi gbogbo ló ti máa ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ A nìkan ni wọ́n kọ, ẹ̀rọ A náà ló fẹ́. Ultra HD Blu-ray ò ní ìpínyà yìí rárá, HD DVD náà ò sì ní in, ó ṣe mí ní kàyéfì pé èyí tó rọrùn fún wa jù ló kú.

Nǹkan kékeré kan tó kù ni pé fíìmù tuntun lè béèrè pé kẹ́ ẹ ṣe ọ́pídéètì ẹ̀rọ yín, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ yẹn lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kẹ́ ẹ fi flash gbé e sí i.

Ẹ̀yin tí HD DVD ti wà lọ́wọ́ yín

Ẹ má kó o dànù. Ẹ wá ẹ̀rọ Toshiba tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HD-, bíi HD-A3, HD-A35, tàbí HD-EP30 tí wọ́n tà ní Yúróòpù, ẹ̀rọ yẹn á tún máa ka DVD àti sídì yín. Àwọn àkọ́kọ́ bíi HD-A1 máa ń lọ́ra láti tàn, kọ̀ǹpútà ló kúkú wà nínú ẹ̀, ẹ ní sùúrù fún un. Àpótí HD DVD ti Xbox 360 náà wà, wáyà USB ló fi ń wọlé sára Xbox, ó sì lè wọlé sára kọ̀ǹpútà bákan náà, àmọ́ ọ̀pọ̀ software tí wọ́n fi ń wo Blu-ray lónìí kì í ka HD DVD. LG àti Samsung ṣe ẹ̀rọ tó ń ka méjèèjì nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́, ti LG àkọ́kọ́ ní 2007 jẹ́ 1,199 dọ́là, bẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ yẹ díìsìkì yín wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìpẹ́, pàápàá èyí tí Warner ṣe, àwọn tó ń kó HD DVD jọ ti ń pariwo tipẹ́ pé ti Warner ń jẹrà láti inú. Bẹ́ ẹ bá ń wo fíìmù tó ń dúró gbagidi ní ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, tí kò sì sí ìlà kankan lójú ẹ̀, díìsìkì ló ń kú lọ, kì í ṣe ẹ̀rọ, fífọ̀ ẹ̀ ò ní ràn án. Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù ẹ yí i sẹ́yìn, torí àwọn kan wà tí wọ́n kọ Combo sí lára, HD DVD wà lójú kan, DVD lásán wà lójú ìkejì, ojú DVD yẹn lè ṣì máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ èyíkéyìí, bí ẹ̀rọ yẹn bá ti lè ka DVD Amẹ́ríkà.