Bí mo ṣe kọ ìtàn ahunṣọ tó ti ọwọ́ ajínigbé bọ̀

Ìtàn kúkúrú ni, 3,400 ọ̀rọ̀ péré. Ọ̀sẹ̀ 9 ló gbà mí, ẹ̀dà 5 ni mo sì kọ. Ẹ̀dà kìíní kò wúlò fún nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí pé àṣìṣe inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń kọ irú ìtàn yìí máa ń ṣe.

Obìnrin ahunṣọ kan ní Ògìdì, ní Ìjùmú, ló wà nídìí ìtàn náà. Ó lọ ra òwú, wọ́n mú un lójú ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀, ó lo ọjọ́ mélòó kan nínú igbó, ẹbí san owó, wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ìwọ̀-oòrùn Kogí lásìkò yìí kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ẹ̀dà kìíní ti bẹ̀rẹ̀: ìbọn, ariwo, àwọn èrò ọkọ̀ tó dojú bolẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin gbáko. Nígbà tí mo fi máa dé ilé rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ wà, ọwọ́ ìtàn ti rọ. Ìbọn mìíràn ni òǹkàwé ń retí. Ọgbẹ́ ọkàn tí mo jókòó kọ wá dà bí ìrù tí wọ́n so mọ́ fíìmù ìjà.

Mo wá mú ìwé mìíràn, mo kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́tọ̀, ojú ìwé kan àbọ̀: ta ló jókòó níbo nínú ọkọ̀, kí ni wọ́n jẹ, ọjọ́ wo ni òjò rọ̀, kí ni kò bá a padà wálé. Mo tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ìlà kan kò ti ibẹ̀ bọ́ sínú ìtàn bó ṣe rí, ṣùgbọ́n kíkọ rẹ̀ pọn dandan. Bí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, gbogbo nǹkan ni ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ á máa bẹ̀rù, ẹ̀rù náà kò sì ní ní ojú. Lẹ́yìn náà ni mo fi oṣù 14 sáàárín ọjọ́ tó padà dé àti ọjọ́ tí ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àmì ọgbẹ́ ọkàn tó máa ń tẹ̀lé nǹkan ẹlẹ́rù, mo lọ wo ohun tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ kọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, shell shock ni wọ́n ń pè é. Charles Myers lo orúkọ yẹn nínú The Lancet ní 1915, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn rò pé bọ́ǹbù tó dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ sójà ló mi ọpọlọ rẹ̀. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tó fi PTSD, orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí, sínú ìwé àìsàn wọn. Nínú èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2013, àmì 20 ló wà níbẹ̀, ní ìdì mẹ́rin: kí nǹkan náà máa padà wá bá èèyàn láìpè é, kí èèyàn máa yẹra fún ohun tó bá jọ ọ́, kí èrò àti inú rẹ̀ dorí kodò, kí ara rẹ̀ máa wà lójúfò ṣáá. Ó gbọ́dọ̀ ju oṣù kan lọ. Bákan náà, ó kéré tán, 1 gbọ́dọ̀ wà nínú ìdì kìíní, 1 nínú ìkejì, 2 nínú ìkẹta, 2 nínú ìkẹrin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6, mẹ́fà náà ni mo sì mú. Ẹni tó bá di gbogbo 20 ru ẹ̀dá ìtàn kan, káàdì ọsibítù ló kọ.

Àwọn tí mo mú nìyí. Ìró kan máa ń dá ara rẹ̀ padà sínú igbó. Kì í gba ojú ọ̀nà yẹn mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń rán lọ ra òwú. Ó gbà pé ẹ̀bi òun ni, torí ọkọ̀ kejì ló wọ̀. Kò dúró de àkọ́kọ́ kó kún. Ó máa ń wà láàárín èèyàn bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Ẹnu ọ̀nà ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Kò lè ka òwú dópin. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àlá burúkú sílẹ̀. Kì í ṣe pé irọ́ ni, gbogbo fíìmù ló ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, obìnrin á fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn á bò ó, ọkọ á ní “kí ló dé?” Òǹkàwé ti rí i títí, kì í wò ó mọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi gbé méjì lára àmì yìí, ibẹ̀ ni ìtàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Òfì àwọn obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin. Ti ọkùnrin máa ń na òwú gbọọrọ síwájú, ahunṣọ á sì rí ọ̀ọ́kán. Ti obìnrin dúró ṣánṣán: òwú yí ọ̀pá òkè àti ti ìsàlẹ̀ po, wọ́n sì sábà máa ń gbé e ti ògiri. Ẹni tó bá jókòó sídìí rẹ̀, ògiri ló dojú kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì kọ sí ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n tó mú un, ó ti jókòó báyẹn ju ogún ọdún lọ. Ní báyìí, kò lè jókòó báyẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yí òfì náà padà kó lè máa rí ẹnu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ wá ń bọ́ sí i lójú dípò kó bọ́ sórí aṣọ, òwú dúdú àti búlúù aró sì wá jọra lójú rẹ̀. N kò kọ “ẹ̀rù ń bà á” síbẹ̀ rárá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kàn bi í léèrè pé, “Kí ni wọ́n fi òfì yí báyìí fún?”

Òwú kíkà ni ìkejì. Ìlà aṣọ náà jẹ́ búlúù 12, funfun 4, títí lọ. Ó ń to òwú sórí òfì, ó ń kà á sókè, alùpùpù kan kọjá lójú títì, ó dákẹ́ láti gbọ́ bóyá yóò dúró. Nígbà tó padà sórí iye, 3 ló fi sí ibi 4. Nínú ẹ̀dà kejì, mo ní ó tú ibẹ̀, ó sì tún un ṣe. Ahunṣọ tó bá mi kà á ló tọ́ka sí i pé kò rí bẹ́ẹ̀: èèyàn lè tú òwú tó ń gba ìbú kọjá, ṣùgbọ́n àṣìṣe tó bá ti wọ inú òwú òró, láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé òpin ló máa wà, àfi kí èèyàn tú gbogbo òfì. Àtúnṣe yìí fún mi ju ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wá lọ. Mo jẹ́ kó hun aṣọ náà tán pẹ̀lú àṣìṣe nínú rẹ̀. (Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n sọ aṣọ náà di pupa, kí ó lè jọ ẹ̀jẹ̀. Rárá o. Lágbègbè wa, ẹni tó bá mọ aṣọ ìpò, aṣọ pupa ìsìnkú àwọn ará Búnú, á rò pé ìsìnkú ni.)

Fún ìró tó ń dá a padà, ìbọn ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa mú. Ìbọn kò dára fún ìtàn, torí kò sí ẹni tí ìbọn kì í já láyà. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, ekòló ló ń sá fún, nítorí náà ekòló ni mo wá kiri. Mo padà sí ìwé inú dúrọ́ọ̀, mo wá ohun kékeré tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ nínú igbó yẹn, mo sì rí píọ̀ wọ́tà: ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn máa ń fi eyín ya etí ọ̀rá rẹ̀, á sì tu ú sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde nínú ìtàn. Lákọ̀ọ́kọ́, obìnrin náà fi sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé òwú gé ọ̀rá omi, ó sì bù ú fún àlejò nínú ife. A kò mọ ìdí. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ àdúgbò fi eyín ya tirẹ̀ nítòsí, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìkan ni a rí igbó. Bí àlàyé bá ṣáájú, sísọ́ọ̀sì yẹn á di àmì lásán.

Bí igbó náà ṣe wọlé ló gba àkókò mi jù. Nínú fíìmù, ojú á ṣú, orin á bẹ̀rẹ̀, a ó sì wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni ń wo ìròyìn aago mẹ́sàn-án. Irú ìrántí yìí kì í tò báyẹn. Ègé ló ń wá, òórùn, ohùn, ọwọ́ ẹnì kan, kí èèyàn sì tó mọ orí mọ ìdí rẹ̀, ó ti lọ. Èdè wa sì ní irinṣẹ́ tó bá a mu, torí ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí ara padà nítorí ìgbà; àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ̀dà kejì kà báyìí: “Ó rántí bí ọmọkùnrin náà ṣe fi eyín ya ọ̀rá omi lọ́jọ́ yẹn.” Gbólóhùn náà dára, ṣùgbọ́n pẹ̀sẹ̀ ni obìnrin yẹn jókòó nínú rẹ̀, ó mọ̀ pé ó ti kọjá. Ẹ̀dà kẹrin: “Ọmọkùnrin náà ń fi eyín ya ọ̀rá. Ó tu etí rẹ̀ sílẹ̀. Omi ń kán sí i lójúgun.” Mo yọ “rántí”, mo yọ “lọ́jọ́ yẹn”, mo fi “ń” síbẹ̀, n kò sì fi àlàfo kankan sáàárín rẹ̀ àti gbólóhùn tó ṣáájú, níbi tó ti wà nídìí òfì. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìtàn, kò sí èyí tó ju 40 ọ̀rọ̀ lọ. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ara òǹkàwé á rọlẹ̀, á fi ẹ̀yìn ti àga.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà gba ètò. Ẹni tí nǹkan ṣe kì í sábà fi “mo” sọ ibi tó dùn ún jù. Á ní “ojú èèyàn á rí nǹkan”, á ní “èèyàn ò ní mọ ohun tó ń ṣe”. Mo wá pín in: “mo” fún gbogbo ohun tó wà ní ìhà ilé, “èèyàn” fún inú igbó. Kò pe ẹnikẹ́ni ní ajínigbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. “Àwọn yẹn” ni, tàbí “wọ́n” lásán. “Wọ́n” yìí ṣe mí lóore púpọ̀, torí òun náà la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ní ibì kan, ó ní, “Wọ́n ní kí n má gbójú sókè,” ọmọ rẹ̀ sì rò pé bàbá àgbà ló ń sọ.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé: ọ̀pọ̀ ẹni tí nǹkan ẹlẹ́rù bá ṣẹlẹ̀ sí kì í ní àìsàn yìí. Ìtàn tó bá sọ gbogbo wọn di aláìsàn ti purọ́. Torí ìyẹn ni mo ṣe fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan sínú ọkọ̀ kan náà, tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀kadà rẹ̀ láàárín oṣù kan, tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sọ ohun burúkú kankan sí obìnrin náà. Àwọn aládùúgbò ló ń bi í pé, “Ṣebí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wà níbẹ̀?”

Ìsìn ìdúpẹ́ ni apá tí mo fẹ́ràn jù, òun ló sì rọrùn jù láti bàjẹ́. N kò fẹ́ fi ìjọ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ló gbààwẹ̀, àwọn ló dá lára owó náà. Mo kàn jẹ́ kó gba máìkì, kó jẹ́rìí. 180 ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rí yẹn, òun nìkan ṣoṣo sì ni ibi tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ti tò létòlétò, tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní “ẹ yin Olúwa” lópin. Ó sọ níbẹ̀ pé wọn kò fọwọ́ kan òun. Òǹkàwé tó bá ti ka àwọn ègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa á mọ̀ pé kò bá ara mu. N kò tọ́ka sí i. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún bi í léèrè. Ó ti jẹ́rìí, ó parí. Síbẹ̀, lẹ́yìn oṣù 14, obìnrin kan lọ́jà ṣì ń rí i lókèèrè: “Òkun o!”, bí a ṣe ń kíni lágbègbè wa, “Ẹ kú ewu o!” Bí wọ́n bá kí i bẹ́ẹ̀, ó máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Gbèsè náà wà níbẹ̀, mo sì kọ iye rẹ̀: ₦2,500,000, tí ₦700,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ìtàn wa sábà máa ń gbàgbé owó ìràpadà ní kété tí ẹni náà bá ti wọlé. Ilé tó ta ilẹ̀ kò gbàgbé.

Nípa àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí lóòótọ́: n kò dárúkọ ọ̀nà, n kò lo iye ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ lò, mo sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn mẹ́ta tó bá mi kà á kí wọ́n tó ṣí i.

Ìparí rẹ̀ ló lé mi dé ẹ̀dà karùn-ún. Nínú ẹ̀kẹta, wòlíì gbàdúrà fún un, ó sùn, ó jí, ó ti bọ́. Nínú ẹ̀kẹrin, ó ya wèrè. Ọ̀lẹ ló kọ méjèèjì. Ohun tí mo ń wá ni ohun tí ahunṣọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí ọ̀ràn náà. Ó gbé òfì padà síbi ògiri, nítorí ìmọ́lẹ̀, ó sì kan ìṣó kan sókè ọ̀pá òkè, níbi tí òwú kò ti ní bò ó, ó fi dígí kékeré kọ́ ọ, irú èyí tí wọ́n fi ń kun tìróò. Lákọ̀ọ́kọ́, àjà nìkan ló rí. Ó ká bébà, ó fi tì í lẹ́yìn lókè, dígí náà tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹnu ọ̀nà bọ́ sínú rẹ̀. Ó jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti 1.