Ọ̀pá Ìpẹja Fífúyẹ́ fún Crappie: Ibi tí Ìṣòro Ti Ń Wá

Crappie ni ẹja pẹlẹbẹ kan tí àwọn ará ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fẹ́ràn gan-an láti dín, láti Texas dé Mississippi àti Tennessee. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé lágbègbè Houston àti Dallas ló ti ń lọ dẹ ìwọ̀ fún un báyìí. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí kò pọ̀ ní oríṣi. Orí ọ̀pá ni gbogbo rẹ̀ ń já sí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 12 ni mo rà. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó fúyẹ́, mo sì gbé e wò ní ṣọ́ọ̀bù, ó fúyẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán lójú omi, ọrùn ọwọ́ á ti máa ro mí. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì náwó. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọ̀pá yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ rẹ ń gbé. Ṣóńṣó rẹ̀ tó ń fà sílẹ̀ ló ń dá ọwọ́ lóró. Bí ọ̀pá bá ṣe ń gùn tó ni ṣóńṣó náà ń jìnnà sí ọwọ́ tó, ìwọ̀nba díẹ̀ níwájú lọ́hùn-ún á sì di ẹrù ní ìdí.

Dán èyí wò. So ríìlì mọ́ ọn, fi okùn sí i, kí o wá gbé ọ̀pá náà lé orí ìka kan ṣoṣo, níbi tí o ti máa ń dì í mú gan-an. Bí ṣóńṣó bá dorí kodò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, o ti rí ẹni tó ń dùn ọ́ lọ́wọ́. Ṣí róbà tó wà ní ìdí ọ̀pá, fi òjé tàbí owó ẹyọ bíi mélòó kan síbẹ̀, wé e kó má baà máa mì, kí o tún un gbé wò. Máa fi kún un títí ṣóńṣó yóò fi dúró. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé nǹkan wúwo la fi ń mú ọ̀pá fúyẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí o máa wá ríìlì tó kéré jù lọ fún ọ̀pá gígùn: ríìlì tó wúwo díẹ̀ ló ń bá ọ fa ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ kí lo fẹ́ fi ẹsẹ̀ bàtà 12 ṣe? Àwọn tó ń to ọ̀pá bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ síwájú bọ́ọ̀tù ló nílò irú rẹ̀ tàbí èyí tó tún gùn jù ú lọ, orí irin ló sì ń dúró sí, wọn kì í gbé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ju jig (ìwọ̀ kékeré tó ní òjé lórí) sáàárín igi tó rì sómi, ẹsẹ̀ bàtà 10 tó o. Tó bá jẹ́ abẹ́ èbúté onípákó lo ti fẹ́ ta ìdẹ wọlé, 5 sí 6 péré ni. Nígbà mìíràn tí o bá ń lọ ra ọ̀pá, gbé ríìlì rẹ dání.

Ìbéèrè: Ẹja á gbé ìdẹ mi dáadáa, màá fà á dé ẹ̀bá ọkọ̀, ló bá já bọ́. Ọ̀pá líle tí mo fi ń pa bass, ẹja tó tóbi ju crappie lọ, náà ni mo ń lò.

Ìdáhùn: O ti dá ara rẹ lóhùn. Àwọn apẹja ibẹ̀ ń pe ẹja yìí ní ẹlẹ́nu bébà. Nígbà tí o bá rí ọ̀kan gbà, la ẹnu rẹ̀ kí o gbé e sójú oòrùn: wàá rí awọ tín-ínrín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ìwọ̀ máa ń há sí. Bí o bá fa ọ̀pá líle fàà, ihò ìwọ̀ á fẹ̀ di ojúlé, ẹja á sì gba ibẹ̀ jáde.

Ọ̀pá tí wọ́n kọ “light” tàbí “ultralight” sí lára ni kí o wá, èyí tó ń tẹ̀ láti ṣóńṣó dé nǹkan bí ìdajì. Okùn páùn 4 sí 6 (ìwọ̀n tó lè gbà kó tó já) ti tó. Níbi tí igi bá pọ̀, lo 8. Bí ẹja bá mú ìdẹ, ọrùn ọwọ́ nìkan ni kí o gbé sókè. Èyí tó bá sanra, fi àwọ̀n gbé e, má fi okùn jù ú wọ ọkọ̀.

Ìbéèrè: Ìdẹ mi ń tán láìjẹ́ pé mo mọ ìgbà tí ẹja jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n ra ọ̀pá graphite, èyí tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe.

Ìdáhùn: Ó sinmi lórí ohun tí o so mọ́ okùn. Ojú crappie sún mọ́ òkè orí, ó ń wo ohun tó wà lókè rẹ̀. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ló ti máa ń dìde wá gbé ìdẹ, ó sì lè gbé e lọ sókè, tí okùn á kàn dẹ̀ díẹ̀. Jig tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ounce kan tí a pín sí 16 tàbí 32, kò sí ọwọ́ tó lè mọ ìyẹn lórí ọ̀pá fiberglass (èyí tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì ṣe) tó nípọn. Níbẹ̀, graphite tọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹja wẹ́wẹ́ lábẹ́ kọ́ọ̀kì lo ń lò, ojú ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe ọwọ́: bí kọ́ọ̀kì bá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹja ti gbé e nìyẹn. Fiberglass tó wà nílé ti tó.

Ìbéèrè: Graphite mi dá sí méjì, ẹja náà ò sì tóbi.

Ìdáhùn: Ẹja kọ́ ló dá a. Yálà ilẹ̀kùn mọ́tò ti gbá a rí, tàbí o nà án sókè ṣánṣán nígbà tí ẹja ti dé ẹsẹ̀ rẹ, tí gbogbo agbára wá kó sí ṣóńṣó. Graphite fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè kán. Iná mànàmáná sì máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà bí ààrá bá ti ń sán, gbé e sílẹ̀ kí o kúrò létí omi, má sì gbé e sókè lábẹ́ wáyà iná.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ọwọ́ mi ò lágbára mọ́. Etí omi ni mo máa ń jókòó sí. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Èyí tí wọ́n ń fà jáde tí wọ́n sì ń tì padà sínú ara rẹ̀ ni kí ẹ rà, ẹsẹ̀ bàtà 10, tí kò ní ríìlì rárá. Ẹ so okùn mọ́ ṣóńṣó, kó gùn tó ọ̀pá náà, ẹ fi kọ́ọ̀kì àti ẹja wẹ́wẹ́ sí i, ó parí. Ẹ máa nù ún kí ẹ tó tì í wọlé, torí iyanrìn ló ń há a. Ìgbà ìrúwé ló dùn jù fún ẹni tó wà létí omi: bí omi bá ti gbóná dé nǹkan bí 60 sí 68 Fahrenheit, wọ́n á wá yé ẹyin níbi tí kò jìn. Ní Texas, ẹ ò nílò ìwé àṣẹ láti pẹja létí omi tàbí lórí èbúté inú ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà nìkan lẹ máa san. Ní ọ̀pọ̀ adágún ibẹ̀, èyí tí kò bá tó ínṣì 10, ẹ dá a padà. 25 sì ni òpin lóòjọ́.

Ìbéèrè: Bí èyí tó tóbi gan-an bá wá mú un ńkọ́?

Ìdáhùn: Crappie funfun tó tóbi jù tí wọ́n kọ sílẹ̀, Enid Lake ní Mississippi ni wọ́n ti pa á ní 1957, páùn 5 àti ounce 3. Ti dúdú jẹ́ páùn 5 àti ounce 7, Tennessee, 2018. Èyí tí ìwọ máa rí kò ní sábà ju páùn kan lọ. Ẹja àrọ̀ ló yẹ kó o máa rò. Bí ó bá gbé e, jẹ́ kó sáré, má dì í mọ́lẹ̀. Pẹ̀lú okùn páùn 6, okùn ló máa já ṣáájú ọ̀pá.