Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ọ̀rẹ́ Méjì Bá Wa Ọkọ̀ Lọ Gbá Gọ́ọ̀fù, Tí Wọ́n sì Lọ Jẹun ní Ẹ̀pẹ́

Nínú gbogbo àṣìṣe tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá wa ọkọ̀ wá sí apá Ẹ̀pẹ́ láti gbá gọ́ọ̀fù kí wọ́n sì jẹ ẹja, èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n máa ń fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n á gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n á rò pé aago mẹ́wàá ni eré yóò bẹ̀rẹ̀, àti pé bí yóò bá fi di aago méjì ọ̀sán, àwọn ti wà ní Ọjà Olúwo níbi tí àwọn ti ń ṣa ẹja. Ìṣirò náà kò lè jọ. Ihò 18 máa ń gba ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ní wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí àwọn mìíràn bá wà níwájú rẹ̀, ẹja tí ó dára kì í sì í dúró de ẹni tí ó bá pẹ́ dé. Àárọ̀ ni gọ́ọ̀fù dùn, kí oòrùn tó mú. Àárọ̀ kan náà ni ọjà ẹja dára, nígbà tí àwọn apẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wá àárọ̀ méjì, kí ó sì sun oorun òru kan ní Ẹ̀pẹ́ láàárín wọn.

Bí a bá ti gbà pé ọjọ́ méjì ni, èwo ni kí ó wá ṣáájú? Pápá Lakowe Lakes, tí ó ní ihò 18, tí adágún omi sì wà káàkiri inú rẹ̀, kò sí nínú ìlú Ẹ̀pẹ́ gan-an. Ojú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ ni ó wà, ní agbègbè Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti kọjá Àjáh àti Awóyáyà. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó yóò kan pápá náà kí ó tó kan Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Ìkòròdú, tí ó gba Ìtoìkín, yóò kọ́kọ́ wọ Ẹ̀pẹ́ kí ó tó kọrí sí ìhà Lakowe. Ibí yìí ni àwọn ará Ìkòròdú ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n á rí ẹja, ojú wọn á wọ̀ ọ́, wọ́n á rà á, wọ́n á jù ú sínú bọ́ọ̀tù, wọ́n á wá lọ lo wákàtí márùn-ún lórí pápá nígbà tí ọkọ̀ ń yá oòrùn. Àwọn ará Èkó náà ní tiwọn: lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n ti ra ẹja tán, wọ́n á ní kí àwọn tún yà ní Lakowe kí àwọn gbá ihò mẹ́sàn-án péré. Ibi yòówù kí ẹ ti máa bọ̀, gọ́ọ̀fù ni kí ó ṣáájú, kí ẹja tí ẹ óò gbé lọ sílé sì jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ẹ óò fọwọ́ kàn kí ẹ tó forí lé ilé.

Ní ti ọ̀nà fúnra rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ ni wọ́n máa ń ṣì í mọ̀ jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté ńlá Lẹ́kì ní 2023, tí ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́, sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, tírélà àti tánkà ti di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kà mọ́ ìrìn-àjò yẹn. Bí wọ́n bá fún yín ní aago méje láti bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ má ṣe fi iye wákàtí tí ẹ lò ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣe ìṣirò. Ó sàn kí ẹ jókòó nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pápá, kí ẹ máa mu tíì, ju kí ẹ máa fọn fèrè mọ́ tánkà ní Àjáh lọ.

Ọ̀pọ̀ kì í pe pápá náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n rò pé ẹni tí ó bá ti ní owó lọ́wọ́ lè kàn yà síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan wà tí ó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fún, tí àlejò sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò mú un wọlé. Àwọn mìíràn ń gba àlejò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ pè ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹ béèrè iye tí àlejò ń san, bóyá owó kádì, ẹni tí yóò bá yín ru àpò igi, wà nínú rẹ̀ tàbí ó dá dúró, bóyá wọ́n ní igi gọ́ọ̀fù tí wọ́n fi ń háyà, àti, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rántí béèrè, bóyá ìdíje kankan wà ní ọjọ́ náà. Ìdíje ìparí ọ̀sẹ̀ kan lè gba gbogbo pápá láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí ẹ lè bẹ̀ tí wọn yóò fi yọ yín mọ́ ọn.

Ilé ni a ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ṣẹ́ẹ̀tì tí ó ní kọ́là, ṣòkòtò tí kì í ṣe jíǹsì, àti bàtà tí kò ní irin ṣóńṣó lábẹ́ ni ọ̀pọ̀ pápá ń béèrè, ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kò sì ní í gbọ́ àlàyé pé ọ̀nà jíjìn ni ẹ ti wá. Ẹ ka igi inú àpò yín pẹ̀lú: 14 ni òfin fàyè gbà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí mo tún máa ń rí jù ni ti ọ̀rẹ́ tí kò ní igi tirẹ̀, tí ẹnì kejì wá sọ fún pé, “Má ṣèyọnu, a óò jọ máa lo tèmi.” Òfin gọ́ọ̀fù kò gbà kí ènìyàn méjì jọ máa lo igi kan náà nínú ìdíje, kódà níbi tí kò ti sí ìdíje, ọ̀pọ̀ pápá kò fẹ́ ẹ, nítorí pé ó ń dá àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn dúró. Ẹ háyà àpò kan fún un. Owó rẹ̀ kò tó ìbínú tí yóò dá sílẹ̀.

Ohun tí ó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ jù lórí pápá ni ẹnu. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá yóò sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ láti ihò kìíní: “Tẹ orúnkún.” “Má gbé orí sókè.” “O ti di igi mú jù.” Nígbà tí yóò bá fi di ihò kẹfà, ẹni tí wọ́n ń kọ́ kò ní mọ èyí tí yóò gbọ́ mọ́, bọ́ọ̀lù tí ó sì ń gbá dáadáa ní àárọ̀ yóò máa yí gbirigbiri nínú koríko. Ibi ìdánrawò ni a ti ń kọ́ ènìyàn; lórí pápá, ẹ jẹ́ kí ó gbá tirẹ̀. Bí agbára yín kò bá dọ́gba, ètò háńdíkápù, iye gbígbá tí ẹnì kan lè yọ kúrò nínú àpapọ̀ tirẹ̀ kí eré lè dọ́gba, wà fún un. Ètò àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 fàyè gba ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá títí dé 54, èyí tí ó jẹ́ gbígbá mẹ́ta lórí ihò kọ̀ọ̀kan. Bí háńdíkápù yín bá jẹ́ 18, tí ti ọ̀rẹ́ yín sì jẹ́ 54, ẹ fún un ní gbígbá méjì lórí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ óò tún máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá dé ihò kẹwàá. Ní tèmi o, kí ẹ má fi owó ta á. Owó kékeré tí ẹnì kan jẹ ní àárọ̀ máa ń jókòó ti àwo oúnjẹ ní alẹ́.

Bọ́ọ̀lù tí ó sọnù jẹ́ ìdí ìjà mìíràn. Ìṣẹ́jú 3 ni òfin fún ẹni tí ń wá bọ́ọ̀lù láti 2019. 5 ni tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà òṣèré ni kò sì tíì fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Èyí tí ó bá kó sínú adágún ti lọ nìyẹn. Ẹ fi gbígbá kan kún iye tiyín gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, kí ẹ ju bọ́ọ̀lù mìíràn sílẹ̀, kí ẹ máa gbá a lọ. Koríko tí igi yín bá hú, ẹ dá a padà, kòtò iyanrìn tí ẹ bá sì tẹ̀, ẹ fi réèkì rẹ̀ tẹ́ ẹ kí ẹ tó jáde. Kádì lè bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe máa pòṣé sí i bí ẹni pé ẹrù yín nìkan ni ó wá rù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ibi tí koríko yóò darí bọ́ọ̀lù sí ju ẹni tí ó sanwó wọlé lọ. Bí ó bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ pè é ní bọ̀dá. Ẹ fẹnu kò lórí owó rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi owó lílò sí àpò, nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì báńkì kì í sọ fún ẹnikẹ́ni kí ó tó lọ.

Oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù ní Èkó. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì sá sábẹ́ igi.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ikùn. Àwọn kan gbà gbọ́ pé ẹni tí yóò rìn jìnnà gbọ́dọ̀ yó, wọ́n á wá jẹ iyán ní ìdájí. Ẹni tí iyán wà nínú rẹ̀ kò lè yí ìbàdí, yóò sì ti máa wá ibi tí yóò jókòó sí ní ihò kẹrin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà, búrẹ́dì àti omi púpọ̀ ti tó fún àárọ̀. Ẹ fi ọtí sílẹ̀ di ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ yín. Oúnjẹ gidi, alẹ́ ni. Síbẹ̀, èyí tí ó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni àwọn tí wọ́n rin gbogbo ọ̀nà yìí wá, tí wọ́n dé ìlú tí Ọba Kòsọ́kọ́ tẹ̀ dó sí lẹ́yìn ogun Èkó ti 1851, tí omi ọ̀sà tẹ́ rẹrẹ níwájú wọn, tí wọ́n wá jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń béèrè ìrẹsì àti adìyẹ díndín. Ẹ béèrè ìkókóré. Ẹ béèrè ọ̀bọ̀kún tútù nínú ọbẹ̀ ata.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dé lójijì kí ẹ máa kánjú mọ́ ìyá tí ń se ìkókóré. Wọn yóò rin ewùrà, wọn yóò gbé epo, ata àti ẹja gbígbẹ kaná, wọn yóò máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú ọbẹ̀ tí ń hó ní kókó-kókó, wọn yóò sì dé e. Bí wọ́n bá rò ó kí kókó náà tó dì, ó ti di ẹ̀kọ nìyẹn. Ẹni tí ebi ń pa, tí ó ń kan tábìlì, ni ó máa ń mú kí wọ́n rò ó. Nígbà tí ihò mẹ́ta bá kù, ẹ pe màmá náà: “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, àwa méjì ni, ní aago méje alẹ́.” Ẹ béèrè iye rẹ̀ lórí fóònù náà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ẹ̀yin méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tí yóò san owó oúnjẹ, ẹni tí yóò ra epo ọkọ̀ àti ẹni tí yóò san owó ibi tí ẹ óò sùn kí ẹ tó kúrò nílé.

Ní Olúwo lọ́jọ́ kejì, àṣìṣe ni kí ènìyàn ra ẹja àkọ́kọ́ tí ó rí. Ẹ ṣí ìjàgbọ̀n rẹ̀ wò: kí ó pupa, kí ó má ṣe dúdú tàbí kí ó funfun. Kí ojú rẹ̀ mọ́, kí ó má sì wọnú. Ẹ fi ìka tẹ ẹran rẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá padà sípò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, bí ó bá jin sínú tí kò padà, ẹ rọra gbé e sílẹ̀, kí ẹ kí màmá ẹlẹ́ja kí ẹ máa lọ. Ẹja gbígbẹ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí ó bá wúwo, tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, yóò bu kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Wọn yóò tún fi ẹran ìgbẹ́ hàn yín. Bí ẹ bá rí akika, ẹranko tí ìpẹ́ bo ara rẹ̀, tí í ká kò nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, ẹ má ṣe rà á, bí ọ̀rẹ́ yín tilẹ̀ ń fi yín ṣe ẹlẹ́yà: òfin Nàìjíríà dáàbò bò ó, òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sì ti di èèwọ̀ lágbàáyé láti 2017.

Ẹ ti gbé kúlà wá láti ilé, kì í ṣe kí ẹ máa wá ọ̀rá kiri ọjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ inú ẹja níbẹ̀, kí ẹ tẹ́ yìnyín sí ìsàlẹ̀, kí ẹ to ẹja, kí ẹ da yìnyín bò ó, kí ẹ sì fi ẹja gbígbẹ sí àpò ọ̀tọ̀ kí omi má bàa kàn án. Ẹ pín in sí méjì nínú ọjà, kí olúkúlùkù ti mọ tirẹ̀, kí ó má di pé ẹ ń tú kúlà lẹ́bàá títì nígbà tí ẹ bá fẹ́ já ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ Ìtoìkín ni ẹ óò gbà padà sí Ìkòròdú, ẹ rí i pé ẹ ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́ kí oòrùn tó dé àtàrí.