Bí a ṣe ń sọ ìwé tí à ń kà lọ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ tí òun náà á fi wá a kà

Ìwé tí a bá dárúkọ fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà kì í sábà rí ẹni kà á. Ẹ ya fọ́tò èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbé e sí status, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ìwé yìí dùn gan-an." Èèyàn púpọ̀ wò ó, àwọn díẹ̀ fi àmì iná ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, status ti pa rẹ́. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀rẹ́ yín kò fẹ́ràn ìwé o. Kò sí èyí tó gbà nínú wọn pé òun gan-an ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: ìwé kan, ẹ wá ẹnì kan fún un.

Ẹ máa ṣàmì bí ẹ ṣe ń kà á

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìwé máa ń dùn lẹ́nu èèyàn jù ni ìgbà tí kò tíì kà á tán. Bí ẹ bá parí rẹ̀, tó wá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tó kù tí ẹ lè sọ kò ní ju "ó dáa" lọ. Nítorí náà, ẹ ki bébà pélébé kan bọ àárín ìwé náà kó máa ṣàmì ibi tí ẹ dé, kí ẹ sì máa kọ nǹkan sí i: nọ́ńbà ojú ìwé, ọ̀rọ̀ tó pa yín lẹ́rìn-ín, ibi tí inú oǹkọ̀wé ti bí yín, orúkọ ẹni tó sọ sí yín lọ́kàn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wúlò jù. Bí ẹ bá ń kàwé lọ tí ẹ ṣàdédé rántí ẹnì kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ojú ìwé náà kíá, torí ẹni tí ẹ máa sọ ọ́ fún nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ìwé tí ẹ yá ní láíbìrì, bébà ni mo wí o, kì í ṣe ara ìwé.

Ẹ wo ẹni náà dáadáa

Pé ìwé dùn mọ́ yín nìkan kò tó. Ìgbà wo ni ẹni tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ fún máa ń ráyè? Ẹni tó ń wọ takisí Micra láti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ sí Challenge ní Ìbàdàn láràárọ̀, tí wọ́n há mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ibo ló ti fẹ́ rí àyè ṣí ìwé tó nípọn bíi búrẹ́dì? Ìtàn kúkúrú tó lè kà tán láàárín Sángo sí Dùgbẹ̀ ló bá a mu. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági, ọ̀sán máa ń gùn fún un nígbà tí oníbàárà bá wọ́n. Òun lè gba ìwé tó gùn. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, ìwé tí wọ́n pín sí orí kéékèèké ni kí ẹ wá fún un, nítorí wọn kò ní pẹ́ pè é. Ìyá tí ojú ti ń yọ lẹ́nu, ẹ wo bí lẹ́tà inú ìwé ṣe tóbi tó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín fún wọn.

Ẹ tún wo èdè. Àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́ Yorùbá dójú àmì, tí wọ́n ń fi pa òwe, ṣùgbọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ girama, wọn kò tún ka ìwé Yorùbá mọ́. Bí ẹ bá gbé ìtàn àròsọ ńlá tó kún fún àmì ohùn lé irú wọn lọ́wọ́, wọn á gbé e sílẹ̀ ní ojú ìwé kẹta, ojú á sì máa tì wọ́n láti sọ fún yín. Eré-onítàn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo rẹ̀, kì í sábà gùn, èèyàn méjì sì lè jọ kà á sókè lọ́jọ́ Sunday, kí kálukú mú ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní Yorùbá kíkà le, ẹnu ni wọ́n máa fi rántí rẹ̀ kí ojú tó bá wọn mọ̀ ọ́n.

Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn díẹ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́: irú ìwé tó jẹ́, ibi tí ẹ kà á dé, ohun tó fà á tó fi jẹ́ pé òun lẹ rántí, àti ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn nínú rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, sí ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́:

"Mò ń ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà lọ́wọ́, eré-onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ìyálóde Ìbàdàn ni obìnrin náà, olówó ni, ẹrú rẹ̀ ò lóǹkà, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú. Ló bá ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ bímọ. Ìdajì ni mo dé. Ìwọ tó o máa ń sọ pé àwọn àgbà ìlú kì í fẹ́ rí obìnrin tó lówó ni mo rántí. Ìkà rẹ̀ tiẹ̀ máa ń sú mi nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ síra wọn dùn. Má bi mí bó ṣe parí o."

Ẹ wò ó, kò sí "o gbọ́dọ̀ kà á" níbẹ̀. Àléébù tí ẹ dárúkọ ló máa jẹ́ kó gba ìyìn yín gbọ́, torí ẹni tí gbogbo ìwé ń dùn mọ́, ta ló máa tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìtàwé? Gbólóhùn "ìwọ ni mo rántí" ló sì máa jẹ́ kó fèsì. Ó lè jẹ́ pé èsì náà ni pé irọ́ lẹ pa mọ́ òun, pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní láti ka ìwé náà kó tó lè borí yín.

Bí ìwé bá ní èkejì tó ń bá a jiyàn, ẹ so wọ́n pọ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rẹ́ tó bá ka eré yẹn tán, inú á máa bí i sí Ẹfúnṣetán. Ẹ má jẹ́ kí ìbínú náà tutù kí ẹ tó gbé ìwé kejì fún un. Ìyálóde yìí kì í ṣe ẹ̀dá inú ìwé lásán. Ó gbé ayé, ó ṣòwò, ó sì pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní ọdún 1874, ní ìgbà tí Ààrẹ Látòósà jẹ́ olórí Ìbàdàn. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀ tó jáde ní 1921. Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, náà kọ orí kan nípa rẹ̀ nínú ìwé tó ṣe olóòtú rẹ̀ lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà, tó jáde ní 1992. Níbẹ̀, oníṣòwò ńlá àti olóyè tí òṣèlú Ìbàdàn ká mọ́ ni èèyàn ń rí. Ìparí inú eré àti èyí tó wà nínú ìwé ìtàn kò tiẹ̀ bára mu. Bí wọ́n ṣe yàtọ̀, n ò ní sọ.

Ẹ lè ṣe irú èyí sí ìwé yòówù: ìtàn àròsọ nípa ogun kan pẹ̀lú ìwé ẹni tó ja ogun náà, ìwé tí olóṣèlú kọ nípa ara rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ọ̀tá rẹ̀ kọ. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kan ka ọ̀kan, kí èkejì ka ìkejì, kí ẹ wá pààrọ̀.

Fún àgbà, ìbéèrè ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

"Lọ wá a kà" tó láàárín ẹgbẹ́. Ẹ kò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tàbí fún bàbá àdúgbò, kó má dà bíi pé ẹ fẹ́ kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ìmọ̀ tiwọn ni kí ẹ tọrọ: "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mò ń ka ìwé kan tó mẹ́nu kan ìgbà tí Cocoa House jóná ní 1985. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣòwò ní Dùgbẹ̀ nígbà náà, mo ní kí n bi yín bóyá bó ṣe wí i ló rí. Bí kò bá ní yọ yín lẹ́nu, mo lè mú un wá kí ẹ bá mi yẹ ibẹ̀ wò." Bàbá á kọ́kọ́ ṣàtúnṣe ìwé tí wọn kò tíì rí. Lẹ́yìn náà wọ́n á gba ìwé ọ̀hún, wọ́n á sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí wọ́n lè rí àṣìṣe mìíràn.

Ẹ jẹ́ kó rọrùn láti rí

Orúkọ ìwé, orúkọ oǹkọ̀wé, ilé ìtẹ̀wé, ibi tí ẹ ti rà á àti iye tí ẹ rà á. Ẹ kọ orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn bí ẹ bá lè ṣe é (Gboard, bọ́tìnnì ìkọ̀wé orí fóònù, ní ti Yorùbá), ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún gbìyànjú rẹ̀ láìsí àmì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìtàwé ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn ìwé náà máa ń yí padà. Ìwé àtijọ́ tó ní orúkọ Oxford lára, tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn, àti èyí tó ní orúkọ University Press lára lónìí lè jẹ́ ìwé kan náà: ilé ìtẹ̀wé kan ni, ní 1978 ló pa orúkọ dà. Jericho ní Ìbàdàn ló wà. Jericho náà ni ilé ìtẹ̀wé Evans àti HEBN wà, nítorí náà ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tó ń ránni lọ ra ìwé Yorùbá ní Èkó, owó ọkọ̀ ló ń fi ṣòfò. Kí ó kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù ṣá kó tó kọjá sí òdì kejì ìlú.

Lórí WhatsApp

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni náà níkọ̀kọ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sí gúrúùpù. Bó bá jẹ́ voice note, kó má gùn ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹni tó bá rí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ọjọ́ mìíràn ló máa ní òun máa gbọ́ ọ, kò sì ní gbọ́ ọ mọ́.

Tí ẹ bá jẹ́ bíi mẹ́fà tí ẹ fẹ́ dá gúrúùpù ìwé sílẹ̀, òfin kan tó: kí oníkálukú sọ ojú ìwé tó dé kó tó dá sí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú, ẹ kọ "mo ti dé ojú ìwé 140" sókè, kí ẹ wá fi àlàfo sílẹ̀ ní ìlà púpọ̀ kí ẹ tó kọ ìyókù. WhatsApp á gé e. Àfi ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló máa rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Àwòrán "ẹ káàárọ̀" àti àdúrà oṣù tuntun, kí wọ́n wà ní gúrúùpù ẹbí.

Bí ẹ bá máa yá a ní ìwé

Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sí inú èèpo iwájú. Ẹ ya fọ́tò ọ̀rẹ́ náà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, bí àwàdà; fọ́tò náà á pa ọjọ́ mọ́ fún yín. Ní ìgbà òjò, inú ọ̀rá ni kí ó wà. Ẹ sì sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín pé ẹni tó ń jẹ àbùlà lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ṣí i. Ìwé tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa sunkún lé lórí bó bá sọnù, ẹ má yá a. Ẹ jẹ́ kó wá kà á nílé yín.

Ọ̀rọ̀ PDF ńkọ́? Ìwé tí ẹnì kan fi fóònù yà láti ojú ìwé dé ojú ìwé, tó wá ń lọ láti gúrúùpù dé gúrúùpù, oúnjẹ oǹkọ̀wé ló ń lọ bẹ́ẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé dáàbò bo ìwé jálẹ̀ ayé ẹni tó kọ ọ́, àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kódà D. O. Fágúnwà tó kú ní 1963, ẹ̀tọ́ àwọn àjogún rẹ̀ kò tíì tán. Ẹ fi fọ́tò èèpo ẹ̀yìn àti ìpínrọ̀ kan ránṣẹ́, ìyẹn tó láti fa ojú mọ́ra. Bówó bá wọ́n, kí mẹ́ta dáwó ra ọ̀kan, kí ẹ máa kà á kiri.

Lẹ́yìn tí ó ti gbà á

Ẹ má béèrè pé "ṣé o ti kà á tán?" Gbèsè nìyẹn ń jọ létí. "Ibo lo dé?" ló dáa, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òun náà á ní ìwé tó fẹ́ kí ẹ kà; ẹ gbà á, ẹ kà á, kódà bó jẹ́ irú èyí tí ẹ kì í wò. Ẹni tí kì í gba ìwé ẹlòmíì, kò ní pẹ́ tí wọn á fi dẹ́kun gbígba tirẹ̀.

Bó bá pa á tì láàárín, kò sí ìjà. Ẹ ní kó sọ ojú ìwé tó ti jáwọ́ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìtàn ìfẹ́ ló sú u, tàbí orúkọ èèyàn tó pọ̀ jù, tàbí òyìnbó tó le, ẹ kọ ọ́ sí bébà pélébé yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ tó wá òmíràn fún un.