Yíyan Àkọ̀ Ọ̀bẹ Tí Yóò Rọ Ìbàdí Lọ́rùn Lábẹ́ Aṣọ

Àgbẹ̀ àti ọdẹ tó ń gbé Abẹ́òkúta, tí oko wọn wà lójú ọ̀nà Ayétòrò, kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn lóko mọ́. Ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ní Láfẹ́ńwá láàárọ̀, tàbí kí wọ́n gun ọ̀kadà, wọn a sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀bẹ iṣẹ́ a máa wà lára wọn ní gbogbo àkókò yìí: láàárín èrò, lórí ìjókòó ọkọ̀, lábẹ́ bùbá tàbí dàńṣíkí. Àkọ̀ tí kò yọ ẹni tó dúró ṣánṣán lẹ́nu lè di ìyà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára kó tó dé oko, pàápàá bí ìdí rẹ̀ bá ń gún un nítan ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe ń yan àkọ̀ tí ara kò ní máa ranti, tí aṣọ yóò sì bò láìjẹ́ pé ó yọ gọngọ.

Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ gùn tó ínṣì 4 sí 6 ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Àdá kò ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, inú àpò ló yẹ kó wà títí a ó fi dé oko. Ní ti ìbọn ìléwọ́, tí àwọn kan máa ń béèrè àkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́ awọ, Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà ọdún 1959 kà á mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ Ààrẹ, kódà ṣakabùlà tí ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká nílò ìwé àṣẹ tirẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ju báyìí lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ aránbàtà, awọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọwọ́ tẹ̀. Bó bá ti rọ̀, wọn a sanwó. Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí awọ tó rọ̀ jù a máa ká, ẹnu àkọ̀ a pa dé nígbà tí a bá fẹ́ dá ọ̀bẹ padà, a ó sì máa fi ṣóńṣó ọ̀bẹ wá ọ̀nà kiri nítòsí ẹran ara wa. Ibi tí àkọ̀ jókòó sí ni ìrọ̀rùn ti ń wá, àti bó ṣe ń hùwà nígbà tí a bá tẹ̀, tí a bá jókòó, tí a bá sì ń rìn.

Fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ibi tó dára jù ni ẹ̀yìn egungun ìbàdí ọ̀tún díẹ̀, níbi tí ara ti tẹ́ wọnú kó tó kan ìdí. Aṣọ a máa já lé ibẹ̀ láìfà mọ́ ohunkóhun. Bí àkọ̀ bá wà lórí egungun gan-an, yóò bó ibẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Iwájú kò dára fún ẹni tó ń kọ ebè tàbí tó ń ro oko, nítorí bó bá ti bẹ̀rẹ̀, èèkù ọ̀bẹ yóò tẹ̀ ẹ́ nínú, ṣóńṣó yóò sì kọjú sí ibi tí itan ti so mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gbà kọjá. Àárín ẹ̀yìn ló burú jù. Ó máa ń wu àwọn ọ̀dọ́ nítorí pé aṣọ ń bò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ̀ ṣubú lórí ilẹ̀ òjò, tó sì fi ẹ̀yìn balẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fi pàdé èèkù. Ẹni tó bá sì ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́ lè gbé àkọ̀ sí apá òsì níwájú egungun ìbàdí, kí èèkù dà sí apá ọ̀tún díẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún lè kọjá níwájú ikùn láti yọ ọ́; nígbà yìí, ẹsẹ̀ tó yà lórí ìjókòó kò ní máa tì í. Alọ́wọ́-òsì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ àkọ̀ tó wà lórí àtẹ fún.

Bí àkọ̀ ṣe ga tàbí ṣe rẹlẹ̀ sí bẹ́líìtì náà ṣe pàtàkì. Èyí tó bá ga jù yóò fi èèkù gún ìhà nígbà tí a bá jókòó. Èyí tó bá rẹlẹ̀ jù, àga ni yóò máa tì í sókè. Ẹ de bẹ́líìtì yín, ẹ jókòó sórí àga líle, kí ẹnìkan fi tẹ́ẹ̀pù wọn ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì títí dé ojú àga ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ìwọ̀n yẹn ni àkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá nísàlẹ̀. Bí ọ̀bẹ yín bá gùn jù fún un, ẹ béèrè èyí tó ní òrùka irin láàárín ojú bẹ́líìtì àti àkọ̀, tó ń mì, tó sì lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí a bá jókòó. Àléébù tirẹ̀ ni pé ó ń lu itan bí a bá ń rìn, irin rẹ̀ sì ń dún. Ọdẹ kì í fẹ́ ohun tó ń dún.

Bẹ́líìtì tó fẹ̀ tó ínṣì kan àbọ̀, tó sì le díẹ̀, ni mo fara mọ́, kí ojú tí yóò gbà kọjá lẹ́yìn àkọ̀ sì bá a mu rẹ́gí. Ojú tó gba bẹ́líìtì méjì ni yóò jẹ́ kí àkọ̀ máa rìn láti ìbàdí wá síwájú láìjẹ́ pé a mọ̀. Ṣòkòtò olókùn kò lè gbé àkọ̀ dúró rárá, yóò fà á wálẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn ṣòkòtò olókùn gbọ́dọ̀ wọ ṣòkòtò péńpé tó ní bẹ́líìtì sábẹ́ rẹ̀, tàbí kó de bẹ́líìtì lọ́tọ̀ mọ́ ìbàdí lábẹ́ bùbá.

Ẹ wọ aṣọ tí ẹ ń wọ̀ lọ sóko lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ, kí ẹ sì mú ọ̀bẹ náà dání nínú aṣọ tí a fi wé e. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í kánjú gbowó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ká wò ó ná.” Ẹ lóṣòó bí ẹni tó ń wo ojú pàkúté. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń roko. Ẹ ya ẹsẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó gun ọ̀kadà, kí ẹ sì na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ gé ẹ̀ka igi, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn yín wò bóyá bùbá gòkè tó fi jẹ́ pé ìdí àkọ̀ yọ. Ṣẹ́ẹ̀tì kúkúrú kì í yege níbi ọwọ́ nínà yìí. Àdìrẹ Ìtòkú tó kún fún ọnà a máa bo àkọ̀ ju aṣọ funfun tó tẹ́jú lọ, nítorí ojú kì í tètè rí ibi tó wú láàárín ọnà.

Ó wá ku awọ. Awọ màlúù tó nípọn tó mìlímítà 3 sí 4, tí wọ́n fi èso tàbí èèpo igi ṣe, ni yóò di ìrísí rẹ̀ mú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e: bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó sì ṣókùnkùn sí i nígbà tí ẹ kán omi sí i, irú rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí àárín rẹ̀ dà bí eérú tó ní àwọ̀ aró díẹ̀, kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe é. Ó dára fún bàtà àti báàgì, ṣùgbọ́n kì í dúró ṣinṣin fún àkọ̀. Awọ ewúrẹ́ pupa tó ń ti Òkè Ọya wá lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ ó fẹ́lẹ́. Ìbora lásán ló yẹ kí a fi ṣe.

Rírán rẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù lọ. Láàárín awọ méjèèjì, ní ẹ̀gbẹ́ tí ojú ọ̀bẹ kọ sí, ó yẹ kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kẹta wà, kó lọ láti ẹnu títí dé ìdí. Òun ni ojú ọ̀bẹ ń bá pàdé dípò òwú. Bí kò bá sí, òwe àwọn àgbà ṣẹ nìyẹn: ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Yóò gé òwú díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan yóò sì yọ sí ìbàdí olówó rẹ̀. Òwú tí a fi ìda oyin pa, tí a fi abẹ́rẹ́ méjì rán láti apá méjèèjì, lágbára ju ti ẹ̀rọ lọ, nítorí bí ọ̀kan bá já, èkejì ṣì ń di awọ mú. Ẹ wo ìdí àkọ̀ pẹ̀lú: ihò kékeré yẹ kó wà níbẹ̀ tí omi òjò yóò gbà jáde.

Láti mọ̀ bóyá ó di ọ̀bẹ mú, ẹ ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ẹní, kì í ṣe lórí ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n. Kò gbọ̀dọ̀ já bọ́. Síbẹ̀ ọwọ́ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ lè yọ ọ́. Èyí tó gbé ìdá kan nínú mẹ́ta èèkù mì sẹ́nu ló máa ń dúró jù. Okùn awọ oníbọ́tìnnì dára ní àfikún, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ló gbé ọ̀bẹ dúró.

Bí àkọ̀ tuntun bá há jù, ẹ má ṣe fi ipá kì í. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ìhó kéékèèké kò fi ní máa ru jáde lára awọ mọ́, ẹ fi ọ̀rá wé ọ̀bẹ náà méjì, ẹ rọra kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ awọ mọ́ ibi tí èèkù ti pàdé ojú ọ̀bẹ títí tí ìlà ibẹ̀ yóò fi hàn lára awọ. Abẹ́ òjìji ni kí ó ti gbẹ, ó kéré tán láti àárọ̀ ọjọ́ kan di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Oòrùn tàbí iná yóò mú kó le kó sì sán, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Àwọn kan ń fi iná yọ́ páìpù omi oníke, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì sọ ọ́ di àkọ̀. Kò wọ́n, omi kì í bà á jẹ́, ó sì wúlò nígbà òjò. Ṣùgbọ́n iyanrìn tó bá wọ inú rẹ̀ yóò máa pa ojú ọ̀bẹ kú, etí rẹ̀ tó le a sì máa fá ìbàdí. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ki àwọ̀tẹ́lẹ̀ yín sábẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ti òógùn náà ńkọ́? Kí ẹ tó sanwó àkọ̀ tó ní àwọ̀ dúdú tàbí pupa, ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún gírígírí. Bí àwọ̀ bá yọ sára aṣọ, òógùn yóò mú un yọ sára bùbá yín. Awọ tó gòkè díẹ̀ ju ẹnu àkọ̀ lọ ní apá tó kan ara yóò gba èèkù kúrò lára ẹran.

Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró tí wọ́n fẹ́ yẹ èrò wò, kí ẹnu ṣáájú ọwọ́. Ẹ sọ pé ọ̀bẹ oko wà ní ìbàdí yín, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì síbi tí wọ́n ti lè rí i, kí wọ́n fúnra wọn yọ ọ́. Ẹni tó ń lọ òde ìnáwó, ìpàdé òṣèlú tàbí ibi ìdìbò kò nílò rẹ̀, kó fi í sílé.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ sùn nínú àkọ̀ awọ, nítorí awọ a máa fa ọ̀rinrin, yóò sì jẹ́ kí irin dípẹtà. Ẹ nù ún, ẹ fi epo díẹ̀ pa á, kí ẹ gbé e sí ibi tí ọmọdé kò lè dé. Òrí díẹ̀ tàbí ìda oyin tó fún àkọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Epo pupa máa ń kan, ó sì ń pe eèrà. Bí òwú bá já nídìí àkọ̀, gọ́ọ̀mù kò ràn án. Ẹ gbé àkọ̀ àti ọ̀bẹ padà fún oníṣẹ́ awọ, kó lè wò bóyá ojú ọ̀bẹ ti gé awọ kẹta já, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ kó tó tún un rán.